Ọdún tí Kọ̀ǹpútà Sọ Ìbejì Di Ẹnì Kan

Bí mo bá jókòó sí ẹ̀yìnkùlé mi ní ìrọ̀lẹ́, tí atẹ́gùn ń ti apá Èrúwà bọ̀ jẹ́jẹ́, mo ṣì máa ń gbọ́ ìró ẹ̀rọ. Kì í ṣe ariwo ńlá. Ó dà bí òjò tó ń rọ̀ sórí páànù ilé tó jìnnà. Ìyàwó mi ní kò sí ìró kankan, pé etí mi ló bá iṣẹ́ lọ tí kò tíì padà wálé. Ó ṣeé ṣe kí ó rí bẹ́ẹ̀. Mo ti fẹ̀yìntì, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò tíì gbọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ìlú wa máa ń wá bá mi níbẹ̀. Ẹ ó ní, "Bàbá, ṣé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà yìí dára? Ṣé ká lọ kọ́ ọ?" Mo máa ń dákẹ́ pẹ́ débi tí ẹ fi ń rò pé mo ti sùn. N kò sùn. Mò ń wò ó lọ́kàn mi ni, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí ẹni ń wo odò. Ìdáhùn mi gùn ju ohun tí ẹ lè fi ìdúró gbọ́ lọ, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìdòwú lorúkọ mi. Ẹ̀yìn ìbejì ni wọ́n bí mi sí, èyí kì í sì í ṣe ohun ìyanu níbi tí mo ti wá. Ní Igbó-Ọrà, bí o bá ju òkò sáàárín ọjà, bí kò bá ba Táyé, á ba Kẹ́hìndé. Bí ó bá sì tàsé àwọn méjèèjì, Ìdòwú kan á máa di orí rẹ̀ mú níbì kan. Mo ń sọ èyí nísinsìnyí torí pé òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi dá lé.

Bí mo ṣe ríṣẹ́ kò ní adùn kankan: ẹnì kan mọ ẹnì kan. Owó oṣù náà ńkọ́? A dúpẹ́. Ilé ìwòsàn kékeré kan tí ìjọ kan dá sílẹ̀ létí ìlú ni wọ́n gbà mí sí, nínú yàrá tí wọ́n ń kó káàdì àwọn aláìsàn sí. Obìnrin tó jẹ́ olórí yàrá náà ni ọ̀gá mi. Kẹ́hìndé lorúkọ rẹ̀. Màmá Fúnmi ni ará ìlú ń pè é, èmi ń pè é ní Ọ̀gá, mo ṣì ń pè é bẹ́ẹ̀ lójú àlá. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó fi òwú so awò ojú rẹ̀ mọ́ ọrùn, bàtà rẹ̀ kì í ní eruku kódà nígbà ọyẹ́. Bí ó ṣe ń ṣe é, n kò mọ̀ títí dòní.

Ọ̀gá le. Kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan tàíparàítà títí mo fi mọ ibi tí gbogbo káàdì wà pẹ̀lú ojú dídì. Nígbà tó wá gbà fún mi, bí mo bá ṣi lẹ́tà kan tẹ̀ nínú orúkọ ènìyàn, yóò fa káàdì náà yọ, yóò sì gbé tuntun síwájú mi. "Orúkọ ọlọ́rúkọ lo fi ń ṣeré yẹn. Tún un ṣe." Kò jágbe mọ́ mi rí. Ohùn pẹ̀lẹ́ yẹn ló burú jù.

Ẹ̀ṣẹ̀ mi tó tóbi jù lọ́dọ̀ rẹ̀ ni àlá ojú ọ̀sán. Fèrèsé yàrá wa kọjú sí pápá àti òkè, láàárọ̀ ìkùukùu á bo òkè náà títí kò fi ní ní ẹsẹ̀, á kàn máa léfòó lókè bí ọkọ̀. Mo lè wò ó títí ọwọ́ mi á fi dúró.

"Ìdòwú, ibo lo wà?"

"Mo wà níbí, mà."

"Ara ẹ ló wà níbí. Lọ mú ìyókù wá."

Òfin rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan wà tí kò ṣeé fọwọ́ kàn: a kì í ti ẹ̀yìn ènìyàn yí ìwé rẹ̀ padà. Bó jẹ́ ọjọ́ orí, bó jẹ́ orúkọ, bó jẹ́ àìsàn tí wọ́n ṣì kọ, ẹni tó ni ín gbọ́dọ̀ jókòó síwájú rẹ kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Àwọn ìyá máa ń ti abúlé gun ọ̀kadà wá nítorí ẹyọ lẹ́tà kan. Wọ́n á kùn, wọ́n á bú wa, ṣùgbọ́n wọ́n á wá.

Ọ̀gá ní Táyé tirẹ̀. Màmá Bíọ́dún ni, télọ̀ ní Ìdèrè, obìnrin kúkúrú tí ẹ̀rín rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé. Wọn kò jọra rárá. Àtọ̀gbẹ ń ṣe Táyé, ẹ̀jẹ̀ ríru ń ṣe Ọ̀gá, ọjọ́ kan náà ni wọ́n sì máa ń wá rí dókítà. Báyìí ni a ṣe ń ṣe é nílùú wa. Bí Táyé bá ń ṣàìsàn, ìyá á gbé Kẹ́hìndé dání. Bí wọ́n bá gún Táyé lábẹ́rẹ́, wọ́n á bẹ nọ́ọ̀sì kó wá nǹkan fún Kẹ́hìndé náà kí inú má bàa bí i, nọ́ọ̀sì á sì fún un ní fítámìnì. Gbogbo rẹ̀ là ń kọ sílẹ̀ fún àwọn méjèèjì. Kò sẹ́ni tó rí i pé ó burú.

Kọ̀ǹpútà wá dé. Àwọn olùkọ́ èdè ní ká máa pè é ní ayárabíàṣá, ṣùgbọ́n èyí tó kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wa kò mọ àṣá rí. Bí o bá tàn án láàárọ̀, o lè jẹ ẹ̀kọ, kí o mumi, kí o kí àwọn aláìsàn yíká, kí ó tó lajú. A rán aṣọ fún un. A ń bọ́ bàtà kí a tó wọlé tọ̀ ọ́. Iná ọba á lọ, ojú rẹ̀ á ṣókùnkùn, ohun tí a kọ láti àárọ̀ á bá a lọ, èmi á sì jókòó síbẹ̀ tí n ó máa rò ó pé ibo gan-an ni àwọn orúkọ yẹn lọ. Mo máa ń rò pé wọ́n wà nínú ìkùukùu orí òkè yẹn, tí wọ́n ń dúró dè wá.

Ọ̀gá ti ń dàgbà nígbà náà, síbẹ̀ ó tètè mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Àwa méjèèjì ni a kó káàdì gbogbo ìlú sínú ẹ̀rọ náà. Ó ní, "Nǹkan yìí gọ̀ gan-an ni. Ohun tó o bá sọ fún un nìkan ló mọ̀. Torí náà, má parọ́ fún un." Nígbà tó fẹ̀yìntì, ó nu tábìlì rẹ̀, ó ki awò ojú rẹ̀ sápò, ó ní kí n máa ti fèrèsé nítorí eruku. Ìdágbére rẹ̀ nìyẹn. Mo lọ kọ́ ìmọ̀ sí i ní Ìbàdàn, mo padà, wọ́n sì fi mí ṣe máníjà ẹ̀ka kọ̀ǹpútà.

Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin tó fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí. Ẹ rò pé ẹ̀rọ ni máníjà kọ̀ǹpútà ń bá sọ̀rọ̀ látàárọ̀ dalẹ́. Irọ́ ni. Dókítà tó gbàgbé ọ̀rọ̀ ìwọlé rẹ̀ tó ń bínú sí mi bí ẹni pé èmi ni mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, nọ́ọ̀sì tó da tíì sórí bọ́tìnnì, ewúrẹ́ tó jẹ wáyà lẹ́yìn ilé, àwọn ni mo fi ayé mi bá ṣe. Mo fẹ́ràn wọn, àyàfi ewúrẹ́ náà. Bí ìwọ kò bá fẹ́ràn ènìyàn, lọ wá iṣẹ́ mìíràn.

Ẹ̀rọ ń yí padà. Èyí tó sanra di pẹlẹbẹ, èyí tó wà lórí tábìlì di èyí tí à ń gbé rìn, àwọn sólà sì gba iṣẹ́ jẹnẹrétọ̀. Lẹ́yìn náà ni ilé ìwòsàn ra ètò tuntun lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ kékeré kan láti Èkó. Lékè lorúkọ ọ̀dọ́mọkùnrin tó wá gbé e kalẹ̀, ọmọ dáadáa, ó ń dọ̀bálẹ̀ kí àgbà, ó kàn ń kánjú ni. Ètò náà lẹ́wà. Ó ń ṣe nǹkan kan fúnra rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún wa: bí ó bá rí ẹnì kan tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, á pa méjèèjì pọ̀ di ọ̀kan. Ó ṣe é ní òpin ọ̀sẹ̀ kan, nígbà tí gbogbo wa wà nílé.

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé yẹn, ọyẹ́ mú, ìkùukùu wọ inú ọgbà ilé ìwòsàn títí tí àwọn ènìyàn fi dà bí òjìji lórí ìjókòó. Mo ń gbádùn rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Mo gbọ́ tí Màmá Tóbi, olórí àwọn nọ́ọ̀sì, ń bá ìyá ọlọ́mọ kan sọ̀rọ̀.

"Táyé nìkan ni mo rí, ìyá. Kẹ́hìndé ò sí."

"Ò sí báwo?"

"Ò sí nínú kọ̀ǹpútà."

"Nọ́ọ̀sì, ẹ̀yìn mi lẹ ò wò ni? Òun ló ń tutọ́ sí mi lọ́rùn yìí!"

Àwọn tó jókòó rẹ́rìn-ín. Ẹlòmíràn bọ́ síwájú, Kẹ́hìndé tirẹ̀ náà kò sí. Ẹ̀kẹta. Nígbà náà ni ẹ̀rín tán. Nílùú wa, ẹnikẹ́ni kì í la ẹnu sọ ọ́ pé ìbejì kan kò sí. Bí ó bá tilẹ̀ kú, a ó ní ó rìnrìn àjò. Ìyá kan bú sẹ́kún, ó sì di ọmọ rẹ̀ mọ́ra bí ẹni pé ẹ̀rọ wa fẹ́ gbà á.

Mo pe Lékè lórí fóònù.

"Ẹ wò ó, sà," ló wí. "Orúkọ bàbá kan náà, ìyá kan náà, ọjọ́ ìbí kan náà. Wọ́n ń wá lọ́jọ́ kan náà, wọ́n ń gba ìtọ́jú kan náà. Kí ni ẹ̀rọ ì bá rò ju pé orúkọ méjì tí ẹnì kan ń jẹ́ ni Táyé àti Kẹ́hìndé?"

"Ìbejì ni wọ́n, Lékè."

"Gbogbo wọn?"

Mo ní kó máa bọ̀ wá wò ó fúnra rẹ̀.

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ẹ̀dà àwọn ìwé náà tí a tọ́jú sọ́tọ̀ wà, ó sọ fún wa àwọn tí wọ́n ti pa pọ̀, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ díẹ̀. Ohun tí àwọn nọ́ọ̀sì kọ lẹ́yìn rẹ̀ ti dà pọ̀ mọ́ra wọn: oògùn ti Táyé, àyẹ̀wò ti Kẹ́hìndé, èyí tí ara ọ̀kan gbà tí ara èkejì kọ̀. Bí a bá tẹ̀lé ohun tí ẹ̀rọ sọ, a lè pa ènìyàn. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Mo ní kí wọ́n má fún ìbejì kankan lóògùn láti inú kọ̀ǹpútà títí àwọn méjèèjì á fi jókòó síwájú wa tí a ó sì yà wọ́n. Mo lọ bá àwọn lèmọ́mù àti àwọn pásítọ̀, mo bẹ àwọn ọlọ́kadà kí wọ́n gbé ìpè náà dé gbogbo abúlé: ìbejì, ẹ wá o, kí ẹ sì jọ wá.

Wọ́n wá. Mo ti gbé ìlú yìí láti kékeré, n kò rí irú rẹ̀ rí. Láti inú ìkùukùu ni wọ́n ti ń jáde, ní méjì-méjì: ọmọ ọwọ́ méjì lẹ́yìn obìnrin méjì, bàbá arúgbó méjì tí wọ́n jọ ń fi ọ̀pá kan tilẹ̀, ọlọ́pàá kan àti ìkejì rẹ̀ tó jẹ́ àgbẹ̀, àwọn ọ̀dọ́bìnrin méjì tí wọ́n ń jà lórí ẹni tó yẹ kó sọ̀rọ̀ ṣáájú. Abẹ́ igi màngòrò kún. Lékè, tó ti Èkó sáré wá, dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń nu ojú. "Ṣé ojú mi ló ń ṣe méjì-méjì ni, sà?" Mo ní rárá, pé ayé gan-an ló rí bẹ́ẹ̀, àwa tó dá wáyé ni kò pé. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà, láàárín ìbẹ̀rù yẹn, inú mi dùn. A jókòó, a bi wọ́n, a yà wọ́n. Títí ó fi ku ẹyọ kan.

Ọ̀gá kò wá.

Táyé rẹ̀ ti rìnrìn àjò láìpẹ́ sígbà náà. Gbogbo wa ló mọ̀, gbogbo wa ló lọ kí i, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún kọ̀ǹpútà, nítorí a kì í sọ ọ́. Nínú ẹ̀rọ, Màmá Bíọ́dún ṣì wà láàyè, ó sì ti di ara kan náà pẹ̀lú Kẹ́hìndé rẹ̀. Oògùn àtọ̀gbẹ Táyé wà lábẹ́ orúkọ Ọ̀gá. Àyẹ̀wò ṣúgà kan wà níbẹ̀ tó ga, kò sẹ́ni tó lè sọ ẹni tó ni ín. Ẹ ó ní kí ló dé tí n kò kàn yọ ọ́ fúnra mi. Mo ti sọ òfin rẹ̀ fún yín, òun ló sì kọ́ mi níṣẹ́.

Mo gun ọ̀kadà lọ sí Ìdèrè. Ilé Táyé ló ń gbé báyìí. Mo bá a níwájú ilé.

"Ọ̀gá, ẹ kú ìsinmi o."

"Ìsinmi kọ́, ẹ̀gúsí ni mò ń bó. Jókòó. Mo gbọ́ ìpè yín ní ṣọ́ọ̀ṣì."

"A ò rí yín, mà."

"Ẹ ní ká jọ wá. Ta ni kí n mú dání?"

Ó bó ẹ̀gúsí fún ìgbà díẹ̀. Ó wá ní, "Ṣé òótọ́ ni pé ẹ̀rọ ti sọ èmi àti Táyé di ẹnì kan?"

"Òótọ́ ni, mà."

"Orúkọ ta ló ṣáájú?"

"Ti Táyé."

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ̀rọ yẹn gbọ́n ju gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá kí mi lọ. Ẹ̀yin ní kí n gbé e kúrò lọ́kàn. Òun ní a ò tíì pínyà. Fi wá sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, Ìdòwú."

"Oògùn àtọ̀gbẹ rẹ̀ wà níbẹ̀, Ọ̀gá. Àtọ̀gbẹ ò ṣe yín. Bí ẹ bá lò ó, ẹ lè sùn kẹ́ ẹ má jí."

"Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀?"

"Ta ló kọ́ ẹ níṣẹ́?"

Mo rí i nígbà náà pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé la ń sọ, pé ọkàn rẹ̀ ti ń tọ Táyé lọ. Ó gbé àwo ẹ̀gúsí sílẹ̀, ó ń wo ọ̀nà.

"Èmi ni mo rán an wá. Kẹ́hìndé ni mí, èmi lẹ̀gbọ́n, mo ní kó lọ wo ayé bóyá ó dùn. Ó tọ́ ọ wò, ó ké sí mi, mo tẹ̀ lé e. Ta ló wá rán an síwájú lẹ́ẹ̀kejì yìí? Èmi ò rán an."

Àwọn ọmọ ilé ń pariwo lẹ́yìnkùlé, ewúrẹ́ kan ń sùn nínú oòrùn, ohun gbogbo sì dákẹ́ lójú mi bí ìgbà tí iná ọba bá lọ. Mo fẹ́ sunkún. Mo fẹ́ràn obìnrin yìí, n kò sì sọ ọ́ fún un rí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló bọ́ sí mi lẹ́nu.

"Ọ̀gá, ẹ ní ẹ̀yin lẹ̀gbọ́n."

"Hẹn."

"Ṣé ẹ̀gbọ́n ń jẹ ìpín àbúrò ni? Ìpín Táyé loògùn yẹn. Kì í ṣe tiyín."

Ó yíjú sí mi. "Ẹnu ẹ ti mú, Ìdòwú," ló wí. "Máa lọ, ilẹ̀ jìn." Kò sọ bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ bẹ́ẹ̀ kọ́. Mo gun ọ̀kadà padà láàárín oko ẹ̀gẹ́ àti koríko gbígbẹ, ojú ọ̀nà ń dán lábẹ́ oòrùn, n kò sì mọ bóyá mo ti gba ẹnì kan là tàbí mo ti bú àgbà.

Ọjọ́ tó yẹ kó wá gba oògùn pé. Mo ti wà lẹ́nu ọ̀nà láti ìgbà tí wọ́n ṣí géètì. Ó dé pẹ̀lú bàtà dídán. Ó jókòó sí ìpẹ̀kun ìjókòó gígùn, ó fi àyè sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀. Ilé ìwòsàn kún lọ́jọ́ náà, àwọn kan dúró, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó jókòó sí àyè yẹn.

Nígbà tó wọ yàrá mi, ó ní kí n dìde lórí àga. Ó fa kọ̀ǹpútà mọ́ra, ó gbé gíláàsì sójú, ó sì ń fi ìka tọ́ ọ. "Ti Táyé. Ti Táyé. Tèmi nìyí. Ṣúgà yìí, ti Táyé ni, ó mu ohun dídùn lọ́jọ́ tó ṣáájú, ó sì parọ́ fún nọ́ọ̀sì." Ó rẹ́rìn-ín, mo bá a rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rọ wá béèrè ọjọ́ tí Táyé papòdà. Mo fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó mi orí. Ó tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀, díẹ̀ díẹ̀, kò ṣi ẹyọ kan tẹ̀.

Ìwé Táyé pa dé. Tirẹ̀ nìkan ló kù lójú ẹ̀rọ.

"Èmi nìkan nìyí?"

"Ẹ̀yin nìyí, mà."

"Ó kéré." Ó wò ó títí. "Kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìbejì ni mí."

"Kò sí àyè fún un, mà. Àwọn ará Èkó ò fi sí i."

Ó bojú wò mí láti òkè gíláàsì, bó ṣe máa ń wò mí nígbà tí mo bá ṣi lẹ́tà tẹ̀.

"Ṣé ìwọ ni máníjà? Ṣe àyè."

Mo pe Lékè. Ó kọ́kọ́ kùn, mo ní kó wá sọ ọ́ fún Ọ̀gá fúnra rẹ̀, ó sì gbà. A jọ ṣe é lórí fóònù títí oòrùn fi ga, ìlà tuntun kan sì bọ́ sábẹ́ orúkọ gbogbo ènìyàn: *Ta lẹ jọ wá sáyé?* Látìgbà yẹn, ẹ̀rọ wa kò pa ìbejì kankan pọ̀ mọ́. Ọ̀gá ló kọ́kọ́ dá a lóhùn. Ó kọ orúkọ àbúrò rẹ̀ sí i ní kíkún, ó kà á lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì dìde.

Mo tẹ̀ lé e dé iwájú fèrèsé tí wọ́n ti ń gba oògùn. Wọ́n pe Kẹ́hìndé. Ó dáhùn, ó gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tirẹ̀ nìkan, ó sì lọ sílé.